Ta ló máa sanwó torí ọmú?

Ìyá kan tó ń ta tòmátì ní ọjà Ouando ló bi mí ní ìbéèrè yẹn, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ń fọwọ́ gbá etí igbá ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ni pé mo ti fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀, pé ohun tí mo fẹ́ máa ṣe báyìí ni kí n máa lọ sílé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí n máa bá wọn wo ọ̀rọ̀ ọmú, ọmú tó ya, ọmú tó wú, ọmú tí ò tètè sọ̀, ọmọ tí ò gba ọmú. Ó ní, "Tantí, ọmú kẹ̀? Ọmú tí ewúrẹ́ ń fún ọmọ ẹ̀ tí ò lọ síléèwé? Ta ló máa sanwó torí ọmú?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bá a rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo jókòó sẹ́yìn zém, ọ̀kadà wa níbí, tí mò ń padà lọ sí Djègan-Kpèvi, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi, torí mi ò ní èsì kankan tí mo lè fún un.

Ọdún 11 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, níbí ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. A máa ń gbẹ̀bí dáadáa níbẹ̀, àwọn agbẹ̀bí wa mọṣẹ́, wákàtí kan ò ní tíì pé tá a ti máa gbé ọmọ sáyà ìyá ẹ̀, a máa bá ìyá sọ̀rọ̀ ọmú lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì wọ́n ti palẹ̀ ẹrù mọ́, ọkọ ti ń dúró níta. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin ni ọmú máa ń sọ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹ wá wò ó, ìgbà tí wàhálà ọmú ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, àwa ò sí níbẹ̀. Ìyá ọkọ ló wà níbẹ̀, aládùúgbò wà níbẹ̀, agolo wàrà wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé. Tá a bá fi máa rí obìnrin yẹn lọ́sẹ̀ kejì, orí ọmú ẹ̀ ti ya, ó ti ń sunkún kó tó ṣí búrèsíyà, ọmọ ti mọ ìgò ju ọmú lọ. A máa wá bá a wí. Èmi náà bá wọn wí o, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ kan ni ọmọdébìnrin kan dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú sí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi kúrò níbi iṣẹ́, kì í ṣe owó.

Mo ti ṣe ẹ̀kọ́ olówákàtí 40 tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF gbé kalẹ̀ lórí fífún ọmọ lọ́mú, ó ti wà láti 1993. Èyí tó ga ju ìyẹn lọ ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní IBCLC, ti àwọn amọṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmú káàkiri àgbáyé, àwa tá a ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 1,000 tá a ti fi ran àwọn ìyá lọ́wọ́, ká tún ní wákàtí 95 ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó jẹ́ ká jókòó ṣèdánwò. Mò ń ka tèmi sínú ìwé kékeré kan, kò tíì pé, torí ẹ̀ mi ò fi lẹ́tà márùn-ún yẹn sẹ́yìn orúkọ mi, bí àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ta ló fẹ́ wádìí ẹ̀. Ti ìwé àṣẹ ńkọ́? Òfin tó de àwa tá a bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera ládàáni ní Benin ti wà láti 1997, èèyàn ò lè kàn gbé pátákó kọ́ ara ògiri, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera ló ń fúnni láṣẹ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, orí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Ilé kan ní Attakè ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Obìnrin náà bí ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin. Mo wọlé, mo bá ìyá ọkọ lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń rọ ọ́ lágbo. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì sábẹ́ ẹnu ọmọ, ó ń fọwọ́ ọ̀tún da àgbo sí i díẹ̀díẹ̀, ọmọ ń sunjú, ó ń gbé e mì tipátipá, ó ń kọ́. Mi ò tíì kí i tán tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Mo ní Màámi ẹ jọ̀ọ́, WHO ní ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà, kò sómi, kò ságbo, lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ kó sì tún máa mu ọmú títí á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ mélòó ló bí?"

Ibi tí iṣẹ́ mi parí sí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Kò lé mi o, ó kàn ní iyàwó ń sùn. Mo padà sílé, mi ò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ kejì, iyàwó náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti inú balùwẹ̀, mò ń gbọ́ omi tó ń kán, ó ní Tantí ọmú mi ti le bí òkúta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá, màmá ń lọ sọ́jà láago mẹ́wàá. Inú mi fẹ́ kí n lọ láago mẹ́wàá yẹn. Mo wá rò ó pé tí mo bá gba ẹ̀yìn wọlé lónìí, ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ yẹn tó bá dalẹ́? Mo lọ láago mẹ́jọ. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo kí wọn kú ọwọ́ lómi, kú ewu ọmọ, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò ṣí báàgì mi. Mo ní, "Màámi, ọmọ mélòó lẹ fún lọ́mú?"

Wọ́n ní méje. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní márùn-ún ló kù. Wọ́n wá sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún mi. Kétu ni wọ́n ti bí i, nílé ọkọ wọn. Wàrà tó kọ́kọ́ jáde lọ́mú wọn pọ́n bí epo, àwọn àgbà ní kò dáa, wọ́n fún un sínú àwo, wọ́n mú èèrà sí i, èèrà kú. Wọ́n ní ọmú kíkorò ni, wọ́n gba ọmọ lẹ́nu ẹ̀, ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ yẹn lò láyé. "Ní báyìí," wọ́n ní, "mo rí ti iyàwó ọmọ mi, òun náà pọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pe obìnrin yìí ní olórí kunkun nínú ọkàn mi fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ogójì ọdún ni ẹ̀rù yẹn ti wà lára ẹ̀, òun ló sì ń rọ ọmọ lágbo.

Mo sọ fún wọn pé wàrà pípọ́n tó máa ń kọ́kọ́ jáde yẹn, òun gan-an ni oògùn, kì í pọ̀, ó ki, ikùn ọmọ òòjọ́ ò sì gbà ju ìwọ̀nba yẹn lọ, ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn ló kún inú ẹ̀. Wọ́n ń mi orí, àmọ́ mo rí i pé kò wọlé. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ti èèrà. Iyàwó fún ọmú díẹ̀ sínú àwo funfun kan. Mo gba àwo kejì, mo bu omi ìkòkò wọn sí i, omi tí àwọn fúnra wọn ń mu. Wọ́n mú èèrà méjì lára ògiri, wọ́n ju ọ̀kan síbí, wọ́n ju ọ̀kan sọ́hùn-ún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ à ń wò ó. Èèrà inú wàrà jà, jà, jà, ó dákẹ́. Ti inú omi náà jà, ó dákẹ́. Màmá wo àwo omi yẹn pẹ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ní "Hẹn." Ìyẹn nìkan. Wọn ò sunkún, wọn ò sọ pé ó yé àwọn. Wọ́n dìde, wọ́n da àwo méjèèjì nù, wọ́n ṣan án, wọ́n ní, "Kí ni kí n wá máa ṣe fún un?"

Ìyẹn náà ya mí lẹ́nu, torí mi ò tíì ronú kàn án rí. Tá a bá ti gba àgbo lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí la fi sí i lọ́wọ́? Mo ní kí wọ́n máa se ọbẹ̀ ẹja fún iyàwó, kí wọ́n máa gba ọmọ tó bá mu tán kí wọ́n gbé e lé èjìká kó gùfẹ́, kí wọ́n máa bá a ka iye ìgbà tó bá mu, ó yẹ kó tó 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru, kí wọ́n sì máa lé àlejò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀.

(Kétu yẹn náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé ní 2008 ti gbajúmọ̀, ọkùnrin á so ọmú onígi mọ́yà, á máa jó, ká lè fi pọ́n àwọn ìyá wa lé. Ó dáa, ó wù mí, mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ìyá tó lọ́mú gidi láyà, tó ń dùn ún, a máa ń sọ fún un pé kó fara dà á.)

Ọmú iyàwó yẹn ò ní wàhálà kankan ju pé ọmọ ń mu orí ọmú nìkan. Ìdí tí ọmú fi ń ya fún ọ̀pọ̀ nìyẹn. Ọmọ gbọ́dọ̀ yanu gbàgà bí ẹni tó fẹ́ yán, àgbọ̀n ẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, ibi dúdú ọmú á wọlé sí i lẹ́nu, ti ìsàlẹ̀ á wọlé ju ti òkè lọ. Ìyá ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú lọ bá ọmọ, ọmọ ni kí wọ́n gbé wá bá ọmú. Ìgbà mẹ́ta la gbìyànjú ẹ̀, ìgbà kẹrin ọmọ gbá a mú, obìnrin náà ní "yééè", ó wá ní "háà, kò dùn mí." Ohùn tó fi sọ ọ́ yẹn, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Kí ẹ má wá rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe tán. Oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣe àṣìṣe kan tó ṣì máa ń jí mi lóru. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, ní Tokpota, tó ń sùn gan-an. Mo béèrè pé ṣé ó ń tọ̀, wọ́n ní ó ń tọ̀ dáadáa, ìlédìí àràlò-sọnù ni wọ́n ń lò, mi ò tú u wò. Mo wo bó ṣe ń mu, ó ń mú ẹnu jẹ, mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ máa bá a lọ, ẹ má fún un ní nǹkan míì. Mi ò ní òṣùwọ̀n nígbà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn bàbá ọmọ náà, ọ̀gbẹ́ni jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀, pè mí, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o, ṣùgbọ́n ojú ọmọ yìí ń pọ́n bí ìyeyè. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, mo bá wọn níbẹ̀. 3,100 gíráàmù ni wọ́n bí i, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, 2,700. Ọmọ lè fọn díẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, tó bá ti ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ti ọmọ yìí ti lé ní 12. Kì í ṣe oorun ayọ̀ ló ń sùn, àárẹ̀ ni, ebi ni. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n fi kún oúnjẹ ẹ̀, ìyá ń fọwọ́ fún ọmú sínú kọ́ọ̀pù, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wà láyé, ó ti ń sáré kiri.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra òṣùwọ̀n ọmọdé, owó tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni. Láti ìgbà yẹn mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ọmọ ń tọ̀. Mo máa tú ìlédìí. Mo máa wọ̀n ọ́n, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀, mo máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i tí mo bá padà wá. Mo sì ti jáwọ́ nínú kí n máa sọ pé "ẹ má fún un ní nǹkan míì" bí ẹni ń ka òfin. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun kọ́kọ́, ká tó máa tún ọmú ṣe. Mo rò pé àwa tá a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọmú jù la máa ń tètè gbàgbé ìyẹn. Ti ìyá tó ní kòkòrò HIV náà, ó lè fún ọmọ lọ́mú tó bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, ọmọ náà á ní oògùn tiẹ̀, àmọ́ mi ò ń dá ìyẹn ṣe, èmi àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ la jọ ń ṣe é.

Ohun mìíràn tó ṣòro fún mi ni kí n máa sọ pé ohun tí mo kọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Ọmú tó wú, tó pọ́n, tó ń gbóná, tí ibà wá ń mú obìnrin, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni aṣọ gbígbóná, ká fọwọ́ rà á dáadáa, ká fún un títí á fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe é fún mi, mo sì ké. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmú, Academy of Breastfeeding Medicine, gbé ìlànà tuntun jáde: nǹkan tútù ni kí wọ́n fi lé e, kí wọ́n má fọwọ́ líle rà á, kí ọmọ máa mu bó ṣe ń mu, kí wọ́n má fún un ní àfúnjù torí bí wọ́n bá ṣe ń fún un náà ni á ṣe máa mú òmíràn wá. Tí ibà ò bá lọ láàárín ọjọ́ kan, kí wọ́n lọ rí dókítà. Mo ní láti pe àwọn mélòó kan padà. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n tán." Mo ní òótọ́ ni.

Owó wá ńkọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú ń tì mí láti dárúkọ iye. Wọ́n á bi mí pé èló ni, mo máa ní ohunkóhun tó bá tọwọ́ yín wá. Ohun tó tọwọ́ wọn wá ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, àdúrà, 500 fráńkì tí ò tó owó zém. Ọkọ mi ló bi mí pé ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n fi ń ra epo kpayo ẹ̀bá ọ̀nà ni, àbí àdúrà ló ń gbé zém. Mo jókòó, mo ṣírò ẹ̀, mo wá sọ ọ́ di 12,000 fún ìbẹ̀wò mẹ́ta, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, kí wọ́n fi MoMo, owó orí fóònù, san án kí n tó jáde nílé. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba ń san án. Àwọn yẹn tilẹ̀ ní wàhálà tiwọn, ọ̀sẹ̀ 14 ni ìsinmi ìbímọ, tí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́ òfin fún wọn ní wákàtí kan lóòjọ́ fún ọmú, wákàtí kan wo lẹ́ni tó ń ti Kùtọnu bọ̀ máa fi wálé? Àwọn ni mo ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń fún wàrà pamọ́. Ìwé ní ó lè lo wákàtí 4 níta tí ooru ò bá ju 25°C lọ, ọjọ́ 4 nínú fìríìjì. Níbí, lóṣù kẹta ọdún, tíná ti lọ, ta ló rí 25? Kúlà àti yìnyín ni mo ní kí wọ́n máa gbé dání, kí wọ́n má sì fi yára wọn tan ara wọn.

Àwọn oníṣòwò ni 12,000 wúwo fún lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló wá bá mi wá ọ̀nà sí i? Onítòmátì yẹn ni, ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tantí, ẹ dá a lájọ." Obìnrin tó bá ti wọ oṣù keje oyún á máa dá 200 lójúmọ́ fún alájọ wọn, tó bá fi máa pé 60 ọjọ́ ó ti di 12,000, alájọ á yọ ti ọjọ́ tiẹ̀, èmi ló máa jẹ gbèsè ìyẹn, kò burú. Obìnrin mẹ́sàn-án ló ti dá a báyìí. Ìkan jí mi láago mẹ́rin ìdájí pé òun ti san tiẹ̀ tán o, kí n máa bọ̀.

Ọkùnrin kan náà wá, ó wọ kóòtù, ó ní ilé-iṣẹ́ wàrà kan lòun ti wá, wọ́n máa fún mi ní aago ògiri, kàlẹ́ńdà, àti nǹkan kékeré lórí agolo kọ̀ọ̀kan tí mo bá júwe. Láti 1981 ni àgbáyé ti fẹnu kò sí ìlànà tó ní kí wọ́n má ṣe irú ẹ̀. Mo fún un lómi mu, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Aago yẹn rẹwà o, kí n sòótọ́.

Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún, màmá Attakè ni. Ọmọ wọn obìnrin ti fẹ́ bímọ ní Kétu, ìyá ọkọ ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, kì í gbọ́rọ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, èló gan-an ni?" Mo ní 12,000, Màámi, Kétu sì jìnnà, ẹ ó fi owó mọ́tò sí i. Wọ́n ní kí n gba 8. A ná an títí, a fi í sí 10, àwọn ló máa san mọ́tò. Mo ní kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ tó bá bí i. Wọ́n ní àwọn á pè. "Gbé òṣùwọ̀n ẹ dání o," wọ́n ní, "èèrà pọ̀ lọ́hùn-ún."